Ìjókòó Àwọn Àgbà ní Gbọ̀ngàn Káńsù

Aránṣọ ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n orúkọ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ni Bọ́tìnnì-Ló-Kù. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi fà á. Bí oníbàárà bá wọlé wá béèrè aṣọ, ì báà jẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ náà, èsì kan ṣoṣo ló ní: "Ó ti parí o jàre, bọ́tìnnì ló kù." Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á máa lọ, á tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí pé bí aṣọ náà bá jàjà jáde, ńṣe ló máa dà bíi pé wọ́n bí i mọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù mi ló kángun sí tirẹ̀. Ìwé àti gègé ni mo ń tà. Pákó lásán ni wọ́n fi dá àárín wa, n kò sì lè purọ́ pé n kì í gbọ́ ohun tí wọ́n bá ń sọ lọ́hùn-ún.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ọkọ aránṣọ ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́rù lọ sí ọ̀nà jíjìn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló sì máa ń yọjú sílé. Màmá yìí, nígbà tí ara ṣì le, ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ṣiṣẹ́. Òun ló ń so ìpè tẹlifóònù àwọn èèyàn pọ̀ láyé ìgbà tí èèyàn ò lè dá pe ara wọn. Ìgbàgbé wá mú un lọ́jọ́ ogbó. Kì í ṣe ìgbàgbé pé ibo ni mo fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ó ń gbàgbé pé ọkọ òun ti kú, ó ń gbàgbé ilé tó wà, nígbà mìíràn ó ń gbàgbé ọmọ tó bí. Ohun tí kò gbàgbé ni iṣẹ́ rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti dún bí aago, Màmá á gbé e sétí, á ní, "Ẹ dúró sórí ìlà."

Ẹni tí kò bá gbé irú àgbà bẹ́ẹ̀ sọ́dọ̀ rí kò lè mọ ohun tí ojú ọmọ ń rí. Ìgbà kan wà tí ọmọ rẹ̀ ń mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù, kó má baà dá wà nílé. Màmá gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé àyà gáùn ìgbéyàwó oníbàárà kan, ó sì jókòó tì í, ó ń wo èéfín. Lọ́jọ́ mìíràn, aránṣọ tẹrí ba láti ki òwú bọ abẹ́rẹ́, kó tó gbójú sókè, ìyá ti dé àárín títì, àwọn ọkọ̀ ń fọn fèrè mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì. Mo wà níbẹ̀. A jọ sáré ni. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan bá ṣí ilẹ̀kùn lójijì, obìnrin yìí á fò dìde.

Ilé Àgbà ló gbà á. Ilé kan tí káńsù kọ́ sẹ́yìn ilé ìwòsàn kékeré ni. Láràárọ̀, ọkọ̀ káńsù á gbé àwọn àgbà láti ilé dé ilé, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á dá wọn padà. Wọ́n á na ara lórí àga, wọ́n á ta dráfù, wọ́n á lo oògùn wọn lásìkò. Nọ́ọ̀sì kan ló ń ṣe olórí ibẹ̀, obìnrin gíga kan tí ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ tí àwọn àgbà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu ju àwọn ọmọ wọn lọ. Ọdún tí Màmá ń lọ síbẹ̀, aránṣọ sanra díẹ̀. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí aṣọ parí lọ́jọ́ tó dá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ bá ọkọ̀ wá. Ó fa Màmá wọnú ọkọ̀, ó wá padà sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò sì wo aránṣọ lójú.

"Àǹtí, ẹ má pariwo o. Káńsù ti yọ wá kúrò nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì."

"Yọ yín bíi ti báwo?"

"Wọ́n ní owó ò sí. Bí wọ́n bá fi lè fọwọ́ sí i nígbà tí wọ́n bá jókòó, wọ́n máa ti ilé náà pa. Wọ́n ní káwa tí à ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo gbọ́ bí maṣíìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Á sáré díẹ̀, á dúró, á tún sáré. Nígbà tó di ọ̀sán, ó pè mí wá wo ohun tó ṣe. Ó ti rán apá ọ̀tún mọ́ ti òsì nínú kóòtù kan. Ó mú un dání, ó ń wò ó bíi pé ẹlòmíràn ló rán an.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tún le ni pé kánsílọ̀ àdúgbò wa, àbúrò rẹ̀ ni. Ìyá kan náà ló bí wọn. Aránṣọ ló pọ̀n ọ́n, òun ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sílé ìwé. Nígbà tó ń jáde fún ìdìbò, aránṣọ ló rán aṣọ tó fi ya fọ́tò tí wọ́n lẹ̀ káàkiri ògiri. Ó wá ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá a ní ọ́fíìsì. Yàrá tóóró kan ni, fáànù orí tábìlì ń mi orí sọ́tùn-ún sósì. Àwọn tó ń retí rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀. Ṣé kò sí o? Ṣé Màmá wà dáadáa?"

"Màmá wà ní Ilé Àgbà. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni mo bá wá."

Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn. "Ẹ ti gbọ́ ọ."

"Mo ti gbọ́ ọ. Ìwọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n, ẹnu ẹlòmíì ni mo ti gbọ́ ọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Owó tó ń wọlé fún wa ti dín kù gan-an. Iná òpópónà wà ńbẹ̀, ọkọ̀ tó ń kó ilẹ̀ wà ńbẹ̀, oògùn wà ńbẹ̀. Bí a ò bá gé ti ibí, tọ̀hún la máa gé. Èmi nìkan kọ́ ni mò ń pinnu ẹ̀."

"Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́? Ibo lo fẹ́ dìbò sí?"

"Ibi tí àwọn tó kù bá ń lọ ni. Tí mo bá dá ya ọ̀tọ̀, wọn ò ní fún àdúgbò yìí ní nǹkan kan mọ́." Ó wá fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti rò. Mo máa wá ẹnì kan tí á máa jókòó ti Màmá láti àárọ̀ títí dalẹ́. Èmi ni mo máa san owó ẹ̀. Màmá ò ní jìyà. Ohun tí mo kàn ń bẹ̀ yín fún ni pé kí wọ́n má rí yín láàárín àwọn tó bá fẹ́ pariwo. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì, Ẹ̀gbọ́n mi."

Aránṣọ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tí àbúrò òun sọ bẹ́ẹ̀, ara tu òun pẹ̀sẹ̀, bíi ti ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ìtura yẹn gan-an ló wá dẹ́rù bà á. Ó ní kó jẹ́ kí òun rò ó. Ó jáde, ó gba àárín àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì kọjá. Ọ̀kan nínú wọn kí i, kò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí ẹnì kankan má sọ, kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó ti dé ibi gbogbo. Onígbàjámọ̀ ló gbé e. Ṣọ́ọ̀bù ìfárí rẹ̀ wà ní ìdojúkọ wa, bàbá rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ọkọ̀ ń gbé lọ. Ọkùnrin tó fẹ́ràn àwàdà ni, àmọ́ lọ́jọ́ náà, ó fá orí ẹnì kan dé ìdajì, ó sọ abẹ sílẹ̀, ó sọdá wá.

"Àǹtí, ṣọ́ọ̀bù yín tóbi ju tèmi lọ. Ẹ jẹ́ ká pe àwọn tí wọ́n ní àgbà níbẹ̀ wá síbí lọ́la."

Ẹnu aránṣọ kò gbà á láti sọ pé rárá. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n kún inú ṣọ́ọ̀bù náà, àwọn kan jókòó sórí tábìlì ìgéṣọ, àwọn kan dúró sáàárín àwọn aṣọ tí wọ́n fi kọ́. Èmi náà lọ, ẹni tó ti ń gbọ́ láti ẹ̀yìn pákó, ó sàn kó kúkú wọlé. Onígbàjámọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni obìnrin oníbúrẹ́dì kan dá a dúró. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ obìnrin yìí, Ilé Àgbà ló ń lọ tí ìyàwó fi ń ráyè dáná sí ààrò. Ẹnu rẹ̀ kì í bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

"Mo ní ìbéèrè kan ná. Ohun tí a bá sọ nínú yàrá yìí, ṣé kò ní dé etí kánsílọ̀ ká tó délé?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ aránṣọ. Ó ń fi téèpù ọrùn rẹ̀ wé ìka.

"Àǹtí, mi ò bú yín o," oníbúrẹ́dì tún sọ. "Wọ́n rí yín ní ọ́fíìsì ẹ̀ lánàá. Kí ló ṣèlérí fún yín?"

Ó lè purọ́. Irọ́ kékeré ti mọ́ ọn lẹ́nu, gbogbo wa la sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó gbé ojú sókè.

"Ó ní òun á wá ẹni tí á máa jókòó ti Màmá."

"Màmá yín nìkan?"

"Màmá nìkan."

"Ẹ wá ní kí ni?"

"Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Mi ò sì tíì rò ó tán. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí mo bá kọ̀ ọ́, tí wọ́n wá ti ilé yẹn pa, ọwọ́ mi òfo nìyẹn, Màmá á tún bọ́ sí títì. Bí mo bá sì gbà á, mi ò mọ bí màá ṣe máa wo ojú yín."

Àwọn kan kùn. Ọkùnrin kan nítòsí ilẹ̀kùn ní òun ti mọ̀, ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Onígbàjámọ̀ gbé ọwọ́ sókè.

"Ó dáa. Ẹni tí ẹ̀rù ò bá bà nínú ilé yìí, kó nawọ́, màá fá orí ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ títí ọdún á fi parí."

Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ẹ̀rín bú díẹ̀. Oníbúrẹ́dì nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, ó ní, "Ká sòótọ́, èmi ì bá ti gbà á lójú ẹsẹ̀." Ó wá sún síwájú lórí tábìlì kí aránṣọ lè jókòó ti òun.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti ní aránṣọ ni kó gbẹnu sọ fún gbogbo wọn. Ó ní irú ẹnu wo, ẹnu tí òun fi ń tan oníbàárà jẹ? Wọ́n ní ẹnu náà ni. Nígbà tí wọ́n túká, ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Mo gbọ́ tirẹ̀, n kò gbọ́ ti kánsílọ̀.

"Àbúrò mi, o ṣeun. Mi ò ní lè gbà á... Rárá, mi ò bá ẹ jà... Mo ní mi ò bá ẹ jà." Ó gbé fóònù náà sétí fún ìgbà díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti tán.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò dára. Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n ń bẹ èèyàn kó buwọ́ lu ìwé tí wọ́n fi ń bẹ káńsù pé kó má ti ilé náà. Àwọn kan buwọ́ lù ú, wọ́n tún fún wọn lómi mu. Àwọn kan kò tilẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin kan wo aránṣọ láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ìyá tó bímọ, ṣebí ọmọ ẹ̀ ló yẹ kó tọ́jú ẹ̀. Kí ló kan káńsù níbẹ̀?" Ọ̀rọ̀ yẹn bá a délé. Ó sọ fún mi pé ohun tó dun òun jù ni pé ohùn kan nínú òun náà ti ń sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò jẹun dáadáa mọ́. Bí ó bá ti ilẹ̀kùn ilé, á lọ, á padà wá fi ọwọ́ tì í wò. Ní àárín kan, òṣìṣẹ́ káńsù kan wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó béèrè ìwé àṣẹ, ó fi ẹsẹ̀ wọn iwájú ilé, ó ní pátákó orúkọ rẹ̀ ti yọ sójú ọ̀nà jù. Pátákó yẹn ti wà níbẹ̀ ṣáájú kí ọkùnrin náà tó gba iṣẹ́. Aránṣọ kò béèrè lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ bóyá òun ló rán an. Ẹ̀rù ìdáhùn ló ń bà á.

Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń retí kó bá wọn dá sí i, àmọ́ kò lè buwọ́ lùwé. "Káńsù ló ń san owó oṣù mi," ló sọ. "Wọ́n á lé mi kó tó di pé wọ́n ti ilé." Ó fẹ́ máa lọ, ó tún dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ro nǹkan. "Ṣùgbọ́n mímú àwọn àgbà jáde lọ nàjú, ó wà lára iṣẹ́ mi. Kò sì sẹ́ni tó sọ ibi tí mi ò gbọdọ̀ mú wọn lọ."

Onígbàjámọ̀ wò ó títí. "Nọ́ọ̀sì," ló ní, "ẹ̀yin tí ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ yìí."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ìnàjú náà sí ọjọ́ tí káńsù máa jókòó lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì. Gbogbo àsìkò tó kù, ohun tó lè bà jẹ́ ni aránṣọ ń rò. Bí àgbà kan bá ṣubú lórí àtẹ̀gùn ńkọ́? Bàbá onígbàjámọ̀ ní àìsàn ọkàn. Bí wọ́n bá pe ọlọ́pàá ńkọ́? Bí Màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lójú gbogbo ayé, tí wọ́n sì ní ọmọ rẹ̀ ló gbé e wá fi ṣe yẹ̀yẹ́? Ó fẹ́ fi Màmá sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ náà. Onígbàjámọ̀ ní kò burú, kó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni á jókòó tì í? Wọ́n wo ara wọn, ọ̀rọ̀ náà ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni wọ́n fi í rín.

Ọjọ́ pé. Ọkọ̀ káńsù fúnra rẹ̀ ló gbé wọn débẹ̀, awakọ̀ náà wọ aṣọ tó mọ́ tónítóní. Aṣọ́nà ẹnu géètì jáde wá.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ta lẹ wá rí?"

Bàbá onígbàjámọ̀ fi ọ̀pá gún ilẹ̀. "Owó orí mi ló wà níbí. Mo wá kí i ni."

Aṣọ́nà yọ kọ́kọ́rọ́ lápò. Ó ṣí géètì.

Gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ káńsù fẹ̀, ó tutù, tábìlì agbàlejò kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú fóònù lórí rẹ̀, àga sì tò mọ́ ògiri. Nọ́ọ̀sì mú àwọn àgbà jókòó bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Ó pín oògùn. Ó ní kí wọ́n gbé apá sókè, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n tẹ́ dráfù sórí àga. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọjá dúró ń wò, kò sì sí ẹni tó mọ òfin tí wọ́n rú. Aránṣọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó ń ka àwọn àgbà náà lórí bí ìyá adìyẹ, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Màmá.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ojú rẹ̀ kúrò níbẹ̀, nígbà tí akọ̀wé káńsù wá béèrè lọ́wọ́ aránṣọ pé ta ni olórí wọn. Agbàlejò ti dìde lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Fóònù orí tábìlì dún. Kí ẹnikẹ́ni tó yíjú, Màmá ti jókòó sórí àga agbàlejò, ó ti gbé fóònù sétí, ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọọrọ.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ dúró sórí ìlà. Ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀?" Ó tẹ́tí. "Alága? Alága ò tíì ráyè. Àwọn àgbà wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, àtàwọn òṣìṣẹ́. Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. Ó sáré lọ síbẹ̀, òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀, àmọ́ ẹnì kan ti ṣáájú rẹ̀ dé tábìlì. Àbúrò rẹ̀ ni, ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti òkè pẹ̀lú fáìlì lábíyá.

"Màmá," ló ní, "ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ jókòó síbòmíì."

Màmá gbé fóònù kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó wo aṣọ ọmọ rẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí èèyàn ṣe ń kí ọ̀gá ibi iṣẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo ní ọmọkùnrin kan, iṣẹ́ yín níbí ló ń ṣe. Iṣẹ́ náà kì í jẹ́ kó tètè wálé. Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò tíì ti ilẹ̀kùn."

N kò jìnnà sí wọn. Mo rí ojú kánsílọ̀. Ó mú ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó fà á dìde, ó mú un lọ jókòó ti Nọ́ọ̀sì, ó sì pẹ́ kó tó fi ọwọ́ náà sílẹ̀. "Màá sọ fún un, mà," ló ní. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá lára ara wọn bó ṣe ń gòkè padà.

Alága gbà kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dìbò. Bóyá nítorí pé ó fẹ́ kí gbọ̀ngàn rẹ̀ tètè ṣófo ni. Aránṣọ dìde ní yàrá ìpàdé òkè. Ọ̀rọ̀ tí òun àti onígbàjámọ̀ ti jọ kọ́ sórí fò lọ pátápátá. Mo rí i tó ń wá a. Téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò mọ̀.

"Ẹ má bínú," ló ní. "Aránṣọ ni mí. Mi ò... Ẹ wò ó, mi ò wá bú ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí ẹ ti sọ pé ẹ máa ti ilé yẹn, mi ò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Obìnrin oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́yìn mi yìí, tí ilé yẹn bá tì, kò ní lè ṣe búrẹ́dì mọ́, torí ọkọ ẹ̀ ò lè dá mu omi. Àwa tí à ń sanwó orí fún yín la máa wá fiṣẹ́ sílẹ̀ jókòó sílé. Gbogbo yín lẹ ní ìyá. Ẹ̀yin náà ń dàgbà." Ó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ba téèpù ọrùn rẹ̀, ó jókòó.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n kọjú sí bébà iwájú wọn. Kánsílọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye tó kù nínú àpò káńsù, ohùn rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Mo rò pé ó ti parí. Ìgbà yẹn ni àbúrò aránṣọ nawọ́ sókè. Ó ní òun ní àbá kan: kí wọ́n gé owó ọkọ̀ tí àwọn kánsílọ̀ fúnra wọn ń gbà, kí wọ́n sì fi mú ilé náà dúró.

Ariwo sọ. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣé torí pé ìyá ẹ̀ wà nísàlẹ̀ ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ẹ̀ ni, òun ò sì ní sẹ́ ẹ. Wọ́n jiyàn títí ọ̀sán fi pọ́n. Aránṣọ di etí àga mú. Kó tó di pé wọ́n dìbò, ó jáde ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ wo Màmá nísàlẹ̀, ó ń padà wọlé pẹ̀lú èémí sísáré.

Ohun tó jáde níkẹyìn, ìdajì ni. Wọ́n gé díẹ̀ nínú owó ọkọ̀ àwọn kánsílọ̀, wọn ò gé gbogbo rẹ̀. Ilé Àgbà á máa ṣí ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì á wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gbé àwọn àgbà, kò sówó fún un mọ́, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, awakọ̀ náà ń ran bàbá onígbàjámọ̀ lọ́wọ́ wọnú ọkọ̀. Ó ti gbọ́. Ó kí aránṣọ kú iṣẹ́, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gbé gbogbo wọn délé bó ti yẹ. Oníbúrẹ́dì ní ká dúpẹ́, ẹni tó rí ìdajì kì í ṣe ẹni tó pàdánù. Onígbàjámọ̀ ní òun ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n gé ẹsẹ̀ ilé náà, wọ́n ní kó máa rìn.

Láàárín oṣù náà, káńsù yọ àbúrò aránṣọ kúrò nínú ìgbìmọ̀ tó wà, títì tí wọ́n ṣèlérí fún wa sì di ọ̀rọ̀ àná. Àwọn kan ní àdúgbò ń bú u nítorí rẹ̀. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi kọ́ ni mo rán ọkùnrin tó wá wo pátákó yín o."

"Mi ò béèrè."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò béèrè. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn." Ó fi ẹsẹ̀ fa àrẹ́kù aṣọ kan nílẹ̀. "Àwọn ọjọ́ tí ilé náà ò bá ṣí, ẹ jẹ́ kí n máa mú ọjọ́ kan. Èmi fúnra mi. Kì í ṣe pé màá gba ẹnì kan."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwọn ẹbí náà pín àwọn ọjọ́ tó ṣófo láàárín ara wọn. Ẹni tó lẹ́sẹ̀ ń fẹsẹ̀ mú àgbà tirẹ̀ lọ sílé náà, ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ ń gbé tirẹ̀. Wọ́n dá owó díẹ̀díẹ̀ jọ fún awakọ̀, kó máa gbé àwọn tí kò lè rìn rárá, owó náà kì í sì í fìgbà gbogbo pé. Lọ́jọ́ tó bá jẹ́ ti kánsílọ̀, aránṣọ kì í lè ṣe nǹkan kan títí á fi di ọ̀sán. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn pákó, tó ń pè é lórí fóònù.

"Ṣé ó ti jẹun? Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ńkọ́? Lọ wò ó. Mo ní kó o dìde lọ wò ó... Ó wà ní títì? Ó dáa. Áyọ́ọ̀nù wà níbo?"

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó yọ orí sí mi lẹ́nu ọ̀nà, píìnì wà láàárín eyín rẹ̀. Ó yọ wọ́n kúrò lẹ́nu.

"Bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀, ìgbà wo ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Èmi náà ò mọ̀," ló ní, ó sì sọdá títì lọ bá onígbàjámọ̀.